Ẹja Ìdána Láti Òdìkejì Omi

Ẹni tó bá ń sọ pé ìfẹ́ àti ìkà kì í gbé inú ilé kan náà, kò tíì dé etíkun wa, kò sì mọ Rosenda ọmọ Liboria. Ẹ jókòó dáadáa. N ò ní bù mọ́ ọn, n ò sì ní bù kúrò níbẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi akérò tó ń ti erékùṣù Negros bọ̀ ní Cebu, erékùṣù tiwa, ni òun àti ọkùnrin kan ti pàdé. Rosenda jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó gbé ìrẹsì tí wọ́n sè sínú ewé àgbọn lé itan, ó ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́. Àfi bí àkùkọ kan ṣe na ọrùn jáde lábẹ́ apá ọkùnrin tó jókòó tì í, tó ṣá ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀kan, tó tún ṣá a.

"Ẹ̀gbọ́n, àkùkọ yín ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀la ló máa jà. Ebi ló ń pa á."

"Ṣé èmi ni mo febi pa á ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti fọwọ́ bo ẹnu àkùkọ, àkùkọ ṣá òun náà lọ́wọ́, ni Rosenda náà bá rẹ́rìn-ín. Kí ọkọ̀ tó dé agbedeméjì omi, wọ́n ti ń pín ìrẹsì náà jẹ, àwọn méjèèjì àti àkùkọ. Àwọn dọ́fíìnì ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, gbogbo èrò dìde láti wò wọ́n, àwọn méjì yìí ò tiẹ̀ mọ̀.

"Kí lorúkọ yín?" Rosenda bi í.

"Silvino."

"Ọmọ ta ni lódìkejì yẹn?"

"Ọmọ Anacleto. Anacleto ọlọ́kọ̀ ẹja."

Ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu Rosenda. Ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Silvino aláìmọ̀kan rò pé òun ni ẹ̀rín náà wà fún; kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ó ti ní òun á rán alárinà wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀rín yẹn. Omi tó wà láàrin erékùṣù méjèèjì yìí, omi tí ìjọba fòfin dáàbò bò ni. Àwọ̀n ńlá, èèwọ̀. Àdó olóró tí àwọn kan ń jù sómi kó bú gbàmù, kí ẹja lè kú léfòó, èèwọ̀ pátápátá. Ẹ̀wọ̀n ni. Òfin náà kì í sì í bèèrè ta ló ju àdó. Ọkọ̀ tí wọ́n bá bá ẹja àdó nínú rẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ náà ni wọ́n ń mú. Anacleto ń ju àdó, gbogbo ayé ló mọ̀, ọwọ́ ni ò tẹ̀ ẹ́ rí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ òkun ń lé e bọ̀, ó sáré gúnlẹ̀ sí etíkun tiwa, ó da gbogbo ẹja rẹ̀ sínú ọkọ̀ Eutropio bàbá Rosenda, ó fi àwọ̀n Eutropio fúnra rẹ̀ bò ó, ó wá lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ wá.

Wọ́n mú Eutropio gba àárín ọjà kọjá. Àwọn èrò fi ẹja kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ń hó lé e lórí pé olè òkun. Anacleto aṣenibánidárò dúró láàrin èrò, ó ń mi orí, ó ń pòṣé. Nígbà tí Eutropio ti ẹ̀wọ̀n dé, ó da ọkọ̀ rẹ̀ dé sábẹ́ igi furúùtù, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí òkun, kò sì tún yíjú sí i mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sin. Lẹ́yìn ìyẹn ni Anacleto mu ẹmu àgbọn yó níbi ìjà àkùkọ, tó ń fọ́nnu ohun tó ṣe. Kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí ṣe? Ta ló máa gbà á wọlé ẹjọ́?

Rosenda gbà á wọlé ikùn tirẹ̀.

Nígbà tó délé, tó sọ ẹni tó bá pàdé fún ìyá rẹ̀, Liboria gbé ṣíbí ìrokà sókè.

"Ọmọ Anacleto! Nínú gbogbo ọkùnrin tó ń hùrùngbọ̀n láyé yìí!"

"Màámi, ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀. Mi ò sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo ní ó fẹ́ fẹ́ mi ni."

Liboria wò ó. Ó jókòó. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ó yá, máa sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó wá. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ àna, irú ti àtijọ́, kó pọnmi, kó la igi, títí ọdún á fi yípo. Tó bá wá dọjọ́ tí wọ́n máa gbé odindi ẹlẹ́dẹ̀ sísun wá tọrọ mi, tí gbogbo abúlé pé, tí Anacleto wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ni màá dìde, màá ní mi ò fẹ́. Kí wọ́n máa gbé ẹlẹ́dẹ̀ wọn lọ."

Ẹ̀yin náà ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ níbí. Ẹbí ọkọ tó bá gbé ẹlẹ́dẹ̀ ìtọrọ padà sọdá omi, ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n á máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Liboria di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, inú rẹ̀ ò dùn tó báyìí rí.

Alárinà tó wà láàrin ẹbí méjèèjì ni Màmá Bruna, arúgbó tó ti fẹ́ ìyàwó fún ìdajì etíkun. Ó wọ ọkọ̀ lọ, ó wọ ọkọ̀ bọ̀, ó jókòó sórí pákó ilé Liboria, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Anacleto ní ọmọ òun ò ní pọnmi fún opó ẹlẹ́wọ̀n."

"Opó kí ni?" Liboria bi í.

"Liboria, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rán mi ni mò ń jẹ́. Èmi ò sọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀."

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Kí lòun sọ?"

"Òun? Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń bi mí bóyá ajá yín ń géni jẹ."

Báyìí ni Silvino ṣe wọ ilé Liboria. Abẹ́ ilé ni wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí, láàrin àwọn òpó tó gbé ilé náà sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adìyẹ. Ọ̀nà ìsun jìn, òkè ni. Ó ń pọnmi. Liboria á ní omi náà ti rú, kó dà á nù, kó lọ pọn òmíràn. Ó ń la igi. Liboria á ní igi náà ti tóbi jù, tó bá tún un là, á ní ó ti kéré jù. Ó ń fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ abúlé á dúró lójú ọ̀nà.

"Ọmọ ọlọ́kọ̀, ṣé ó ń rùn?"

"Ó ń rùn bíi tiyín," Silvino á dáhùn. "Ẹ súnmọ́bí kí n fọ̀ yín."

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló ń bí Rosenda nínú. Ó ti múra sílẹ̀ fún agbéraga, fún ọ̀lẹ, fún ẹni tó jọ baba rẹ̀. Ẹni tó ń jí kùtùkùtù, tó ń kọrin fún ẹlẹ́dẹ̀, tó ń bu ìdajì ẹja gbígbẹ tirẹ̀ fún ajá, kò múra sílẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ kan ó ti ọjà dé, ó bá Silvino lábẹ́ igi furúùtù. Ó ti yí ọkọ̀ Eutropio sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi èèpo àgbọn họ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?" Rosenda kígbe. "Ta ló rán ẹ? Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Ọwọ́ ẹ, nínú gbogbo ọwọ́!"

Silvino gbé ọwọ́ kúrò, ó fi Inday pè é, bí a ṣe ń pe ọmọbìnrin tí a kà sí níbí. "Kò sẹ́ni tó rán mi. Ikán ló ti ń jẹ ẹ́, Inday. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́."

Rosenda fẹ́ bú u. Ẹkún ló jáde. Ó jókòó sínú iyanrìn, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún. Silvino ò dì í mú, kò sọ pé kó dákẹ́. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó ń họ ọ́ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Rosenda ti mọ̀ pé wàhálà ti dé bá òun. Tí Silvino bá lọ pọnmi ní ìsun tó pẹ́, á máa wo ojú ọ̀nà. Tó bá dé, á wọlé, á sì máa bi ara rẹ̀ pé, ìwọ Rosenda, kí lo ń wò?

Liboria rí i. Abiyamọ ni, ojú rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀sán nìkan.

"Ojú ẹ ti ń rọ̀," ló wí fún un ní àṣálẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó àwo.

"Kò rọ̀."

"Wọ́n fi ẹja kọ́ bàbá ẹ lọ́rùn."

"Mo mọ̀, Màámi. Èmi ni mo fọ òórùn yẹn kúrò lára wọn. Ọjọ́ ìtọrọ ò ní yẹ̀. Màá ní mi ò fẹ́."

Ó sọ ọ́ kíkankíkan. Àmọ́ nígbà tó dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ sí orí pákó oparun, ó ń gbọ́ bí Silvino ṣe ń wúkọ́ nísàlẹ̀, ó sì ń fẹ́ kí ọdún náà má parí.

Ọdún parí. Ọdún kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ Anacleto tò wọlé lówùúrọ̀, gìtá ń dún nínú wọn. Silvino ti sọdá lọ bá wọn láti ọjọ́ méjì ṣáájú, torí àṣà ni kí ọkọ ìyàwó bá ẹbí rẹ̀ wọlé, ọkọ̀ kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ni ló sì kó oúnjẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ sísun náà pupa, ó ń dán, ọkùnrin mẹ́rin ló rù ú. Agbọ̀n ẹja ńláńlá tẹ̀lé e. Anacleto fúnra rẹ̀, tó ti gbà nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ tí kò padà, wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun gẹ́gẹ́ bí Rosenda ṣe sọ ọ́, ó ń kí gbogbo ènìyàn bí ẹni tó ni ilé. Macario, olórí ẹ̀ṣọ́ òkun ní ìhà tiwa, jókòó láàrin àwọn àgbà. Òun náà ló mú Eutropio nígbà yẹn. Màmá Bruna jókòó síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe lé òwe pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí.

Ní abúlé tiwa, ẹja tí ẹbí ọkọ bá gbé wá, ọwọ́ ìyàwó ló gbọ́dọ̀ là á nínú, òun ló gbọ́dọ̀ sè é, nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Rosenda fa agbọ̀n sọ́dọ̀ nínú ilé ìdáná. Ó gbé èyí tó tóbi jù, ó ki ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ti dì síkùn rẹ̀. Ó fọwọ́ tọ eegun ẹ̀yìn lọ. Eegun náà ti rún. Ó gbé òmíràn, bákan náà. Gbogbo etíkun, tọmọdétàgbà, ló mọ ohun tó ń ṣe ẹja bẹ́ẹ̀.

Silvino dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O ti rí i," ló wí.

"Ẹja àdó ni."

"Agbọ̀n méjì ló wà nílé. Bàbá mi ní kí n gbé èyí tí wọ́n fi ìwọ̀ pa wá, kí n fi ti àdó sílẹ̀ fún títà. Ti àdó ni mo gbé."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Rosenda. "Kí ló dé?"

"Inday, abẹ́ ilé ni ẹ tẹ́ ẹní mi sí. Pákó oparun ló wà láàrin wa. Màmá ẹ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ ìdí tí ẹ fi gbà mí."

Ojú ti Rosenda débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. "Tó o mọ̀, kí lo dúró ṣe?"

"Lákọ̀ọ́kọ́, oríkunkun ni. Mo ní màá yí ẹ lọ́kàn padà. Nígbà tó yá, mo rí ẹ tó o sunkún nídìí ọkọ̀ yẹn. Mo wá rí i pé kì í ṣe èmi lo yẹ kó o kọ̀ níwájú èrò. Ohun tí bàbá mi jẹ yín kọjá omi pípọn. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn nínú agbọ̀n. Ṣe é bó o ṣe fẹ́."

"Ọkọ̀ tìẹ ló gbé e wá! Ìwọ ni wọ́n máa mú!"

"Mo mọ̀."

"Orí ẹ ò pé!"

"Wọ́n ń pè mí níta," Silvino wí, ó sì jáde.

Rosenda dá wà pẹ̀lú ẹja. Ó lè da gbogbo rẹ̀ sínú iná. Ó lè fi atalẹ̀ àti ọtí kíkan bò ó, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n fún un lọ́kọ, kó sì máa pe Anacleto ní bàbá títí ayé. Ní bàbá! Àyà rẹ̀ ń já nítorí Silvino, ṣùgbọ́n ó ro ohun kan: bàbá wo ló máa rí ọmọ rẹ̀ létí ọ̀gbun tí kò ní nawọ́? Anacleto á jẹ́wọ́. Ó di dandan kó jẹ́wọ́. Ìyẹn ló rò. Ó gbé ẹja sórí àwo, ó jáde.

Ọ̀rọ̀ gé mọ́ Màmá Bruna lẹ́nu. Rosenda kúnlẹ̀ níwájú Anacleto, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi orí àti ìrù gbé ẹja yín sókè, kí àwọn àgbà lè rí bó ṣe tóbi tó."

Anacleto rẹ́rìn-ín ìyangàn, ó gbé e. Ẹja náà ká wálẹ̀ láàrin bí àkísà tútù. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ro sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Gìtá dákẹ́.

Macario dìde. "Ẹja ta nìyí?"

Anacleto wo ẹja, ó wo Macario, ó wo ọ̀nà. Rosenda ń wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo abúlé ń wo ẹnu rẹ̀.

"Èmi ò mọ nǹkan kan," Anacleto wí. "Ọkọ̀ ọmọ mi ló gbé e. Ẹ bi í."

Yéè! Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, èyí tirẹ̀ já ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ rẹ̀ dànù lójú ọjà. Silvino rìn síwájú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Macario.

"Silvino, sọ̀rọ̀!" Rosenda kígbe. "Sọ fún wọn!"

"Ọkọ̀ mi ló gbé e," Silvino wí. "Òfin ni òfin."

Rosenda yíjú sí Anacleto. "Bàbá mi náà na ọwọ́ báyìí. Ẹ dúró, ẹ ń wò wọ́n, ẹ ń pòṣé. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ pé tiyín ni. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí wọ́n mú yín dípò ọmọ yín, màá fi ti bàbá mi jì yín. Mo fi òkú wọn búra."

Ó bẹ̀ ẹ́. Rosenda tó ti ń fi ọdún gbáko pọ́n ọ̀bẹ, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ ẹni tó fẹ́ pa. Anacleto ń fi áńkáṣíìfù nu ṣẹ́ẹ̀tì.

"Mo ti dàgbà," ló wí. "Ẹ̀wọ̀n máa pa mí. Ọ̀dọ́ lòun."

Màmá Bruna dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bá ènìyàn tọrọ ìyàwó, Anacleto. Èmi ò lè ṣí ẹnu fún ọ mọ́." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jókòó ti Liboria.

Liboria ló parí ọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Ẹ gbé ẹlẹ́dẹ̀ yín. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ níbí. Ọmọ yín tó pọnmi fún mi la gbà. Ẹ gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi, Anacleto. Mo gba ọmọ yín."

Báyìí ni ọkọ̀ Anacleto ṣe padà sọdá, ẹlẹ́dẹ̀ odindi nínú rẹ̀, ọmọ kò sí. Wọ́n ní ìgbà tó fi máa dé Negros, eṣinṣin ti bo ẹlẹ́dẹ̀ náà.

Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi Silvino sí àtìmọ́lé. Rosenda ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ṣé o kábàámọ̀?" Silvino bi í láti ẹ̀yìn irin.

"Ti bàbá ẹ, rárá. Tìẹ, ojoojúmọ́. Mo rò pé ó máa nawọ́ sí ẹ."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," Silvino wí. Ìgbà yẹn nìkan ló sunkún.

Nígbà tí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ pé, Rosenda àti ìyá rẹ̀ tètè dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bá Anacleto níbẹ̀. Ó ti rù. Kò sẹ́ni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ya lọ, ó sì di ẹni tó ń dá nìkan wa ọkọ̀. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun dání fún ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i.

Ilẹ̀kùn ṣí. Silvino jáde, oòrùn ń ta á lójú. Ọ̀gá tó mú un jáde gbójú sókè.

"Ẹbí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà á. Èwo ni ẹbí rẹ̀?"

"Èmi," Anacleto wí.

"Èmi," Liboria wí.

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ, ta ni nínú wọn?"

Silvino wo bàbá rẹ̀. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Liboria nínú eruku.

"Màámi," ló wí, "ẹ kú ìdúró."

Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun náà bọ́ lọ́wọ́ Anacleto. Rosenda ti di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó dì í mú gírígírí. Ṣùgbọ́n ó yíjú padà, ó wo ojú ọkùnrin arúgbó yẹn, ó sì wò ó dáadáa, títí ọkàn òun fúnra rẹ̀ fi balẹ̀ pé ẹ̀san Eutropio ti pé.